Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́dọọdún láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ tí àwa mọ̀ bí ẹni mọ owó. Bí ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá kùnà ní ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ mú un, ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹgbẹ́ mìíràn fi ohun ìní rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ láti gbà á? Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ lè béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú eré àwọn ará òkè òkun. Ó kàn wá, nítorí ẹni tí ó bá ti ṣí láti ìlú kan lọ sí òmíràn rí mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá bọ́ sí lè gbé e ga, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Nínú eré yìí, ẹnì kan wà tí wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ni atọ́kùn eré. Òun ni ó ń pàṣẹ, òun náà ni ó sì ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí yóò gbé e sáré lọ. Àwọn òmìrán márùn-ún ni ó ń dúró níwájú rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Olu Fashanu, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá fún wa, tí ẹgbẹ́ New York Jets mú ní ipò kọkànlá nínú ètò yíyan ọ̀dọ́ ti ọdún 2024. Bí àwọn márùn-ún yìí kò bá dúró gírí, kò sí ọgbọ́n tí atọ́kùn lè dá.

Ètò yíyan ọ̀dọ́ yìí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ìpele méje ni ó ní, ẹgbẹ́ tí ó bá sì ṣe búburú jù lọ lọ́dún tí ó kọjá ni ó ń kọ́kọ́ yàn, àfi bí ó bá ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Èyí ni pé ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ ni a sábà máa ń gbé lọ sí ilé tí ó bàjẹ́ jù lọ. Bí ó bá wá kùnà níbẹ̀, òun nìkan ni ayé ń nàka sí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Sam Darnold. Ẹni kẹta ni ó jẹ́ nínú àwọn tí a yàn ní ọdún 2018, New York Jets ni ó sì mú un. Láàárín ọdún mẹ́ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì ni ó lò. Ní sáà 2020, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 2 péré ni ẹgbẹ́ náà borí, wọ́n sì pàdánù 14. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Carolina Panthers gbà á. Ẹ̀tọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀: ti ìpele kẹfà ní 2021, ti ìpele kejì àti ti ìpele kẹrin ní 2022. Kí ó tó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n ti fọwọ́ sí owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 18 dọ́là fún un fún ọdún 2022.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Carolina borí 5, wọ́n pàdánù 12. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí ó yẹ ni kí ẹgbẹ́ tú ti àtijọ́ dànù, kí ó mú tuntun. Ohun tí Jets ṣe gan-an nìyẹn. Ní 2021, wọ́n fi Zach Wilson, ẹni kejì tí a yàn lọ́dún náà, rọ́pò Darnold. Nígbà tí ó di 2024, wọ́n ti fi òun náà ránṣẹ́ sí Denver. Ọmọ yí padà, ilé kò yí padà.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tí ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì kò lè dára mọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ní 2023, Darnold gbà láti jẹ́ igbákejì ní San Francisco, ó jókòó, ó ń kọ́ iṣẹ́. Ní 2024, Minnesota Vikings gbà á fún ọdún kan pẹ̀lú mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ni wọ́n borí nínú 17. Ní 2025 ó lọ sí Seattle Seahawks, ní oṣù kejì ọdún 2026 ẹgbẹ́ náà sì gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ nínú eré náà. Minnesota àti Seattle kò fi ẹ̀tọ́ yíyàn kankan sílẹ̀ nítorí rẹ̀; àdéhùn rẹ̀ ti parí níbi tí ó wà kí wọ́n tó pè é. Sùúrù dín iye owó ọjà kù.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe irú pàṣípààrọ̀ yìí kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Àwọn wo ni yóò dúró níwájú ọmọ náà? Ta ni yóò kọ́ ọ, ṣé olùkọ́ náà yóò sì pẹ́ níbẹ̀? Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ lè jẹ́ kí ó jókòó kọ́ iṣẹ́ fún sáà kan, láìdi gbogbo ẹrù ilé rù ú lọ́jọ́ tí ó dé? Bí ìdáhùn bá wà, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n má sì san ju ẹ̀tọ́ ìpele kékeré lọ. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi owó náà tún ilé ṣe ná.

Ẹni tí ó bá ra irúgbìn tí ó dára, tí ó gbìn ín sórí àpáta, kí ó má ṣe bá irúgbìn jà.