Ta Ni Yóò Kọ Ìlànà Tí Apẹja Araromi Yóò Tẹ̀ Lé?

Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe òfin tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Òfin a máa fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ ìjọba fi ìlànà là á yé ènìyàn: owó ìwé àṣẹ, ìwọ̀n ojú àwọ̀n, iye ìtanràn. Ìlànà wọ̀nyí gan-an ni ó ń bá mẹ̀kúnnù lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo Araromi létí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Apẹja kan náà lè na àwọ̀n sínú òkun láàárọ̀, kí ó sì dẹ ìgèrè sínú odò ẹ̀yìn ìlú nírọ̀lẹ́. Lójú tirẹ̀, omi ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pín in sí méjì: ìjọba àpapọ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ẹja pípa nínú òkun, ti odò àti ọ̀sà wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ bá kọ ìlànà tí kò ya omi méjèèjì sọ́tọ̀, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Kí ó tó dé ilé ẹjọ́ ńkọ́? Wọn yóò ti gba àwọ̀n, wọn yóò ti gba owó, ìyàwó apẹja kò sì ní rí ẹja yan.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba Ondo dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́, tí yóò máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ ìlànà. Onímọ̀ ẹja yóò sọ ohun tí ó fẹ́. Amòfin yóò wò ó bóyá àṣẹ wà fún un, yóò sì kọ ọ́ kí ó yéni. Nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 282, a pa á láṣẹ fún akọ̀wé kí ó fi òdodo kọ gbèsè sílẹ̀. Gbèsè ènìyàn méjì péré nìyẹn!

Àwọn kan yóò ní àyè iṣẹ́ fún ọmọ olóṣèlú ni wọ́n tún fẹ́ ṣí. Ẹ̀rù náà tọ́. Amòfin mẹ́rin tí ó mọṣẹ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 pàṣẹ pé kí àjọ tí ń bójú tó epo gbọ́ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí ó tó fi òǹtẹ̀ lu ìlànà. Kí Ondo ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ka ìlànà náà ní èdè Ìlàjẹ létí òkun Araromi. Bí kò bá yé apẹja, kí wọ́n gbé e padà sí Àkúrẹ́ lọ tún kọ.