Sójà tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ní Lomé, àti ọ̀rọ̀ VIH

Bí wọ́n bá ní VIH pọ̀ láàárín àwọn tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn àwọn sójà ní Lomé, ọ̀pọ̀ nínú wa á sáré wí pé: «Ṣé ẹ rí i? Àwọn sójà ló ń kó o wá.» Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ti ń ṣàìsàn kó tó débẹ̀: ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú un, tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá, tàbí ó ti rù kan eegun. Láàárín irú wọn ni VIH máa ń pọ̀ sí, ì báà jẹ́ ní ibùsùn sójà ní Tokoin, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn aráàlú. A kò lè tipa wọn mọ iye tó wà ní bárékè. Ìyàwó sójà àti ọmọ wọn sì ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ àfi ìgbà tí àìsàn bá ti wọ̀ wọ́n lára. Láti 2008 ni oògùn ARV ti di ọ̀fẹ́ ní Togo. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń pẹ́? Ẹ̀rù ni. Dókítà tó ń yẹ sójà wò, ọ̀gá ológun ni òun náà. Èsì lè dé etí kọmandáń. Iṣẹ́ àlàáfíà ONU ní ilẹ̀ òkèèrè, bíi ti Mali tó parí ní 2023, owó ńlá wà níbẹ̀; ta ló fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ òun? Òfin 2005, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, dáàbò bo ẹni tó ní VIH, àṣírí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní bárékè, òfin àti àṣẹ ọ̀gá, èwo ni sójà kékeré máa ń bẹ̀rù jù?

Ìyàwó tó wà ní Atakpamé tàbí Kamboli ló sì máa ń gbọ́ gbẹ̀yìn, nígbà tó bá lóyún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹni tó bá bá sùn.

Láti January 2025 tí Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí owó yẹn wà lára ohun tó ń gbé àyẹ̀wò láàárín àwọn ọmọ ogun Áfíríkà ró. Ohun tí a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ kò ju méjì lọ: ta ló ń tọ́jú ìwé èsì ní bárékè, àti pé ṣé sójà lè lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ aráàlú láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í níbi tó lọ?