Òfin Olùkọ́ Yunifásítì: Ṣé Akẹ́kọ̀ọ́ Nìkan Ni Ó Dè?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè gbé mì.

Ọ̀kan nínú àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó ń ṣiṣẹ́ ṣífíìtì ní Àpápá, ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí a kò ní dárúkọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ pín ìwé òfin fún wọn. A ka ìwé náà tán ní ìpàdé ẹ̀ka wa. Òfin 14 ni. Aago márùn-ún ni kíláàsì. Bí ó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 15, a ó ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó bá pẹ́ di òfo. Ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100 kò ní ṣe ìdánwò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A kò ní kí wọ́n fẹ ẹ̀kọ́ lójú fún òṣìṣẹ́. Òfin ìdá 75 yẹn wọ́pọ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ wa, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá jíwèé wò, kí wọ́n lé e. Pé olùkọ́ kọ òfin sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tilẹ̀ dára. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n ìwé tiwa de mánéjà, ó de òṣìṣẹ́: owó wà níbẹ̀, wákàtí iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìsinmi wà níbẹ̀. Nínú òfin 14 ti ọ̀gá yìí, ẹyọ kan kò kan òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 15 ni ó yẹ kí wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olùkọ́ kò yọjú, kò sì ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ku 12. Ìgbà 9 ni ìdá 75 rẹ̀. Ẹni wa wá ní ìgbà 8. Nítorí ìgbà kan ṣoṣo ni wọn kò fi ní jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò! Nínú mẹ́rin tí wọ́n ní kò wá, méjì jẹ́ ọjọ́ tí fọ́máànù dá a dúró síṣẹ́ alẹ́. Méjì yòókù, ẹnu ilẹ̀kùn ni ó wà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú un láti Àpápá, aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ó dé. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé rẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá.

Mẹ́ta ti olùkọ́ ńkọ́? Rẹ́jísítà wo ni ó wà?

Òfin kan tún ní dandan ni kí wọ́n ra ìwé tí olùkọ́ tẹ̀, a ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó rà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti fòfin de irú ọjà bẹ́ẹ̀. Àwa ní gáréèjì mọ orúkọ tí à ń pè é.

Àwọn kan yóò ní kí òṣìṣẹ́ gba National Open University lọ. Ọdún 1983 ni ìjọba dá a sílẹ̀. Ní 1984 ìjọba ológun tì í pa, ó sì lé ní ọdún 15 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ó wà lónìí, ó dára. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pe kíláàsì rẹ̀ ní ti ìrọ̀lẹ́, tí ó sì gba owó, ta ni ó rò pé yóò wá?

Àwa tí a jáde ìwé mẹ́fà, tí a lọ kíláàsì alẹ́ nítòsí Ìdúmọ̀tà, a rántí tíṣà wa. Ó le bí ojú ẹja. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò dúró lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ti ilẹ̀kùn, kì í sì í nu apá òsì pátákó títí ẹni tí ó dé kẹ́yìn yóò fi dà á kọ. Òun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yóò bá ọmọ wa lọ sí ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí a ó béèrè ni kí wọ́n ka ọjọ́ méjì tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn fún un, kí wọ́n sì máa kọ ọjọ́ tí olùkọ́ kò wá sínú rẹ́jísítà kan náà. Ọ̀rọ̀ fọ́máànù, tiwa nìyẹn. Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú mánéjà, a ó fi àkókò ìdánwò sínú àdéhùn. Ẹni tí ó bá ní irú ìwé òfin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mú un wá fún akọ̀wé kí Ọjọ́rú tó pé.