Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Ọjà Kan Náà Ni

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá dúró sí CMS ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí i pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹnìkan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó forí lé èbúté láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú. Ẹlòmíràn gòkè lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Marina, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ sí Mile 2 ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023. Ẹnìkẹta fẹsẹ̀ rìn gba Broad Street lọ sí Ìdúmọ̀tà, ẹnìkẹrin sì ń sáré tẹ̀lé kọ́ńdọ́ tó ń pe Ọbáléndé. Ọ̀nà wọn pín, ohun tí ojú wọn yóò rí pín, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan yóò tètè dé, kí èkejì sì pẹ́ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò pín. Kàtídírà ńlá tó wà ní Marina wà níbi tó wà. Kò ṣí lọ sí Yábàá nítorí pé ẹnìkan yàn láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibi tí gbogbo wọn ti gbéra kò yí padà nítorí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ kọ irú ìtàn tuntun kan fi sọ́kàn. Ìtàn náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní visual novel. Àwọn ará Japan ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà ńlá. Orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni wọ́n ti ń kà á: àwòrán wà lójú rẹ̀, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń jáde ní ìsàlẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ìwé lásán ni pé, bí ìtàn bá dé oríta, òǹkàwé ni yóò yan ọ̀nà. Ṣé kí ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, àbí kó padà sílé? Ohun tó bá yàn ni yóò sọ bí ìtàn yóò ṣe parí. Nítorí náà, ìtàn olóríta ni orúkọ tó bá a mu jù ní èdè Yorùbá. Kò sì nílò owó ńlá mọ́. Ren'Py, ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ ọ́ káàkiri ayé, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé òǹkọ̀wé tó fún òǹkàwé ní àṣẹ láti yan ọ̀nà sábà máa ń fún un ní àṣẹ tí kò yẹ kó fún un. Àṣẹ lórí ọ̀la ni yíyàn jẹ́. Kì í ṣe àṣẹ lórí àná. Bí òǹkàwé bá yàn pé kí ọmọ náà padà sílé, ọmọ náà lè bọ́ lọ́wọ́ olè tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn; ṣùgbọ́n olè náà gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn bá bá olè níbẹ̀, tí ó sì hàn fún ẹni tí kò ṣí i pé ìyá àgbà ẹni rere kan ló ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, ìtàn ti já. Òǹkàwé kò yan ohunkóhun mọ́. Òǹkọ̀wé kàn ń ṣí ìwé méjì tí kò bá ara wọn tan lé e lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ wà ní Japan fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ Chunsoft gbé Kamaitachi no Yoru jáde, ìtàn ìpànìyàn nínú ilé àlejò kan tí yìnyín ká mọ́. Bí òǹkàwé bá gba ọ̀nà kan, ọ̀rọ̀ di ti apànìyàn tí a gbọ́dọ̀ wá rí. Bó bá gba òmíràn, ó di ti amí. Ní òmíràn ẹ̀wẹ̀, ó di ti ẹ̀mí àìrí. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbádùn rẹ̀ bí eré, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n eré ni. Kò sí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé àlejò náà nígbà tí ilé náà kò dúró sójú kan.

Ẹ wá wo Fate/stay night, tó jáde ní ọdún 2004. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìtàn náà ní, ogun kan náà nínú ìlú kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ. Ọmọbìnrin kan wà tí òǹkàwé rí ní ọ̀nà àkọ́kọ́ bí ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà kẹta ló tó hàn pé láti kékeré ni ìyà ti ń jẹ ẹ́ nínú ilé tó ń gbé. Ìyà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà kẹta. Ó ti wà níbẹ̀ ní ọ̀nà àkọ́kọ́, òǹkàwé ni kò rí i. Ẹni tó bá padà lọ ka ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò rí ọmọ náà pẹ̀lú ojú mìíràn, àánú rẹ̀ yóò sì ṣe é. Èyí ni èrè tó wà nínú pé kí ìtàn má já: ohun tó pamọ́ yàtọ̀ sí ohun tí kò sí.

Kì í ṣe pé irú ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kó dé. Méjì lọ́nà mẹ́jọ ni 256, iye Odù Ifá sì nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé ẹsẹ Ifá máa ń ní ẹ̀yà mẹ́jọ. Ó ń dárúkọ babaláwo, ó ń dárúkọ ẹni tí a dífá fún, ó ń sọ ohun tó gbé e wá, ó ń sọ ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, ó sì ń sọ bóyá ó rú u tàbí kò rú u. Oríta náà nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ rírú ẹbọ tó rú u gba ọ̀nà kan. Ẹni tó kọ̀ gba òmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí babaláwo tí yóò kí ẹsẹ Ifá kan, kó wá sọ pé nítorí pé oníbéèrè kò rúbọ, ìṣòro tó gbé e wá láti ilé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìbẹ̀rẹ̀ dúró. Òpin ló ń yí.

Bí ọmọ Èkó kan bá fẹ́ kọ ìtàn olóríta nípa ìlú rẹ̀, oríta kan wà tó ju gbogbo oríta lọ, Ìgà Ìdúngánrán ló sì wà. Ọba Akítóyè gorí ìtẹ́ ní ọdún 1841. Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọ̀ṣínlókùn, tí Akítóyè jẹ́ àbúrò baba rẹ̀, wà ní ìgbèkùn ní Wídà. Ìjà ti wà tipẹ́ láàárín Kòsọ́kọ́ àti Elétù Òdìbò, ọ̀kan nínú àwọn tó lágbára jù láàfin. Ìtàn Èkó sọ pé obìnrin tí Elétù fẹ́ fi ṣe aya ni Kòsọ́kọ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Akítóyè fẹ́ kí ìdílé rẹ̀ tún wà ní ìṣọ̀kan, ó fẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wálé. Elétù Òdìbò kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe é. Ọba ṣe é. Kòsọ́kọ́ dé, ọba fi í jẹ Olójà Eréko, Elétù bínú kó lọ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún 1845 Ogun Olómirò bẹ́ sílẹ̀, Akítóyè sá jáde nílùú, Kòsọ́kọ́ jọba.

Gbogbo ohun tó tẹ̀lé e ló ń wá láti oríta yẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sì gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1852, Akítóyè tó ti padà sórí ìtẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé òwò ẹrú parí. Ọdún náà gan-an ni àwọn òjíṣẹ́ Church Missionary Society wọ Èkó. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gírámà wọn sílẹ̀ ní ọdún 1859. Orúkọ ẹgbẹ́ ajíhìnrere náà ni kọ́ńdọ́ ń ké títí di òní láìmọ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Kí òǹkàwé wá jókòó ní ipò Akítóyè: ṣé kó pe Kòsọ́kọ́ wálé, àbí kó gba ọ̀rọ̀ Elétù? Bó bá yan èkejì, òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ogun 1845 kò jà. Ó tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ibùdókọ̀ náà kò jẹ́ CMS. Gbogbo ìyẹn wà níwájú oríta. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé Kòsọ́kọ́ kì í ṣe ọmọ ọba, tàbí pé Elétù kò bá a jà rí, tàbí pé ọkọ̀ ẹrú kò gúnlẹ̀ sí Èkó rí.

Ibi tó ti dun ni lára nìyí. Òwò ẹrú ti sọ Èkó di ìlú ńlá láti ayé Ọba Ológun Kútéré, kí Kòsọ́kọ́ tó jọba rárá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede tí kò jìnnà sí CMS, ṣòwò ẹrú, ẹ̀yìn Akítóyè ló sì wà. Ó rọrùn fún òǹkọ̀wé láti fi ìtàn olóríta tu gbogbo ènìyàn lójú. Ní ọ̀nà Akítóyè, kí Akítóyè jẹ́ ẹni mímọ́ tí ìdílé rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹrú, kí Kòsọ́kọ́ nìkan jẹ́ ìkà. Ní ọ̀nà Kòsọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ yí padà, kó jẹ́ pé irọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo òwò ẹrú náà. Ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan yóò gba ọ̀nà tó dùn mọ́ ọn, yóò rẹ́rìn-ín, yóò pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ẹni tí wọ́n dè ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ kó lọ sí Brazil ni kò ní ọ̀nà kankan nínú ìtàn náà. Wọn yóò ti tà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn, àti pé ilé kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ní bó ṣe ń pìtàn tirẹ̀. Òótọ́ ni. Ìtàn bí Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹnu kò kò lé e lórí: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́fin àti àwọn Àwórì, àwọn mìíràn fi ọwọ́ Bìní tò ó síwájú. Ìtàn olóríta sì ni ilé tó bá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ mu jù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ẹnìkan sọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ìránṣẹ́ Kòsọ́kọ́ sọ pé olúwa òun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè. Kí ti Akítóyè sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Kí òǹkàwé gbọ́ àwọn méjèèjì, kó dá ẹjọ́. Ohun tí òǹkọ̀wé kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó yí ẹ̀rí padà kí ẹjọ́ lè dùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Bí ìtàn bá ní oríta mẹ́wàá péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì, ọ̀nà 1,024 ló lè tibẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó lè fi orí lásán rántí gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń jẹ́ kí àwọn ọ̀nà tó pín tún pàdé níwájú, tí kọ̀ǹpútà sì ń bá wọn rántí ohun tí òǹkàwé ti yàn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ òtítọ́ àná. Kí òǹkọ̀wé tó kọ gbólóhùn kan, ó yẹ kó ní ojú ìwé kan tí yóò kọ ohun tí kò ní yí padà sí: ta ni ọmọ ta, ta ló bá ta jà, ta ló mọ àṣírí wo, láti ìgbà wo. Ohunkóhun tó bá ta ko ojú ìwé náà, bó ti wù kó dùn tó, kó pa á rẹ́.

Chunsoft fúnra wọn fi hàn ní ọdún 2008 pé ó ṣeé ṣe. 428: Shibuya Scramble gba wákàtí mẹ́wàá ní ọjọ́ kan ní àdúgbò Shibuya. Ènìyàn márùn-ún ni òǹkàwé ń tẹ̀lé, ohun tí ọ̀kan bá sì yàn ní òpópónà kan lè sọ ẹlòmíràn sínú ewu ní òpópónà kejì. Ìlú kan, ọjọ́ kan, ìṣẹ̀lẹ̀ kan: gbogbo ọ̀nà ló sì ń jẹ́rìí sí ara wọn.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yẹ CMS. Àdúgbò náà ní èrò, ó ní ariwo, ó ní àṣírí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́, kó fún òǹkàwé ní gbogbo ọ̀nà tó wà láti Marina dé Ìgà. Kó ṣáà rí i dájú pé ẹnikẹ́ni tó bá bojú wẹ̀yìn, láti ọ̀nà yòówù, ibì kan náà ni yóò rí pé òun ti gbéra. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó ń kọ ìtàn olóríta kò yẹ kó tún la ọ̀nà tí irọ́ yóò gbà sá lọ.