Ológò Inú Fóònù



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti sálámà ìrun Ìṣà tán ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ìjàrà-Ìsin, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò àwọn ènìyàn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Àwòrán obìnrin kan nínú jàmáà wa ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni, pé ó kówó sá lọ, pé ẹni tó bá rí i kí ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Obìnrin náà kò sì sá lọ síbì kankan. Ẹ̀yìn wa, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kírun, ló jókòó sí, tí òun náà ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Aránṣọ ni. Ó yá ₦40,000 lórí áàpù kan láti tún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣe nígbà tí ọdún Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn oníbàárà kò tètè san owó iṣẹ́, ọjọ́ àdéhùn kọjá, nígbà tí oṣù sì fi máa parí, wọ́n ní gbèsè ti di ₦73,000.

Àwọn baba wa mọ irú ọ̀ràn yìí. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàpèjúwe ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè: yóò wọ ilé, yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀, yóò máa bú tọmọdé tàgbà, yóò máa mú adìẹ wọn jẹ, títí owó yóò fi jáde. Ìyà gidi ni. Ṣùgbọ́n ológò àtijọ́ mọ ilé tí ó wọ̀, ó sì mọ̀ pé àwọn ẹbí tí òun ń dààmú ni yóò pe ìpàdé, tí wọn yóò dá owó jọ. Ológò inú fóònù kò mọ ẹnì kankan. Gbogbo nọ́ńbà tí ó bá nínú fóònù onígbèsè ni ó kó, ti àna rẹ̀, ti lèmámù rẹ̀, àti ti ẹni tó ta òwú fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjà Òmù-Àrán.

Ìjọba kò dákẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ọ̀kan nínú irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó tú àṣírí àwọn tó yáwó. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù. Ní 2025, ó gbé òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, tí ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦100 mílíọ̀nù. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Nítorí náà, kí onígbèsè tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ èébú náà pamọ́, kí ó fi sun FCCPC.

Ṣùgbọ́n èébú ológò kò pa gbèsè rẹ́. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ pé ẹni tó bá ti dójú tini ti fi ìyẹn gba owó rẹ̀. Ibo ni wọ́n ti rí ìdájọ́ yẹn? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ láti kírun sí òkú onígbèsè lára, àfi ìgbà tí Abū Qatādah gba gbèsè náà sọ́rùn ara rẹ̀. Hàráámù ni èlé, ẹni tó sì tọrùn bọ̀ ọ́ ní àforíjìn láti tọrọ. Owó gangan tí ó gbà ńkọ́? Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ni.

Ọ̀nà àtiyanjú rẹ̀ wà nínú àkójọ Bukhārī. Ka'b ọmọ Mālik ń sin Ibn Abī Ḥadrad ní gbèsè nínú mọ́ṣáláṣí, ohùn àwọn méjèèjì sì ròkè títí Ànọ́bì fi gbọ́ nínú ilé rẹ̀. Ó ká aṣọ ojú ọ̀nà, ó pe Ka'b, ó sì fi ọwọ́ júwe fún un pé kí ó fi ìdajì jì í. Ka'b gbà. Lójú ẹsẹ̀ ni ó kọjú sí onígbèsè pé kí ó dìde lọ san ìyókù. Àwọn onígbèsè wa fẹ́ràn apá àkọ́kọ́ ìtàn yìí. Àwọn olówó ló máa ń rántí ìkejì.

Nítorí náà, kí onígbèsè má pa fóònù. Kí ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n ya owó tí ó gbà, èlé, àti owó ìjìyà sọ́tọ̀ fún un. Kí ó dárúkọ iye tí agbára rẹ̀ ká, kì í ṣe iye tí yóò kàn mú kí wọ́n dákẹ́ lónìí. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ jì í, kí àdéhùn náà wà ní kíkọ kí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Súratul-Baqarah, āyah 282, pa á láṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí a há āyah náà sórí gan-an ni a kì í mú gègé. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ó sanwó sí, kì í ṣe ti asingbèsè tó pè é. Tí ó bá san án tán, kí ó gba ìwé pé gbèsè ti parí.

Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, òun sì ni ó ń gba orúkọ là. Láti ìgbà tí nọ́ńbà BVN ti dé ní 2014, pípààrọ̀ báńkì kò fi ènìyàn pamọ́ mọ́. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ sì ti fún àwọn báńkì tó wà nínú ètò náà láyè láti yọ owó tí a yá àti èlé rẹ̀ nínú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, ló ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó san àti ẹni tí kò san. Òfin 2017 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ wa, kí a sì takò ó bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń fi káàdì yáwó lókè òkun mọ̀ pé irú àkọsílẹ̀ burúkú bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ tó ọdún mẹ́fà ní Bìrìtìkó, ọdún méje ní Amẹ́ríkà.

Ní ti aránṣọ wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti èmi ló bá a kọ lẹ́tà. Wọ́n gba ₦50,000, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó san án, ìwé ìparí gbèsè sì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni a ṣì ń retí kí wọ́n tún ṣe. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú jàmáà tún fi àwòrán ọjọ́ yẹn han àlejò, ó ní kí ó wo olè ìlú wa. Ẹ̀yin tí ó ṣì wà nínú fóònù yín, ẹ pa á rẹ́ kí Jímọ̀ tó dé.