Wọ́n Kọ́ Ilé fún Òkú, Wọ́n Di Alààyè Lẹ́nu

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba ológun Burkina Faso ṣí ilé ìrántí ńlá kan ní Ouagadougou, níbi tí òkú Thomas Sankara àti àwọn méjìlá tí ó bá a kú wà. Ọgbà Conseil de l'Entente ni wọ́n kọ́ ọ sí, ibẹ̀ gan-an ni ìbọn ti pa wọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987. Francis Kéré, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nídìí yíya àwòrán ilé, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó yẹ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an, Guézouma Sanogo, olórí ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ náà, àti Boukari Ouoba, igbákejì rẹ̀, wà lọ́wọ́ àwọn ológun tí wọ́n fi ipá wọ̀ wọ́n láṣọ ogun. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní oṣù Kẹta pé ìjọba ti fún àwọn oníròyìn lọ́rùn. Ìjọba sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Oṣù Keje ni wọ́n tó dá àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ohun tí ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé orúkọ Sankara ni wọ́n ń fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n sin ín sí ọgbà náà ní oṣù Kejì ọdún 2023, àwọn ẹbí rẹ̀ kò fara mọ́ ibi tí wọ́n yàn, wọn kò sì yọjú síbi ìsìnkú. Ìjọba kò dá wọn lóhùn. Àbí ta ni ó ni òkú, bí kò ṣe ẹni tí ó bí i àti ẹni tí ó fẹ́ ẹ?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Ouagadougou ju ogún ọdún lọ. Ìwé ẹ̀rí ikú tí ìjọba Blaise Compaoré kọ fún Sankara sọ pé ikú àmúwá Ọlọ́run ni ó pa á: ọkùnrin tí ọta ìbọn dá batani sí lára! Mariam, opó rẹ̀, gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìgbìmọ̀ náà sì dá a láre ní ọdún 2006. Compaoré kò mira. Ìgbà tí àwọn ará ìlú lé e kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, lẹ́yìn ọdún 27, ni ọ̀nà tó là. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ológun sọ Compaoré, Gilbert Diendéré àti Hyacinthe Kafando sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Iṣẹ́ ńlá ni èyí, kò sì wọ́pọ̀. Ní Morocco, níbi tí Compaoré fẹsẹ̀ kàn díẹ̀ nígbà tí ó sá, ọba dá ìgbìmọ̀ òtítọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2004. Àwọn tí wọ́n dá lóró jáde sọ ohun tí ojú wọn rí, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tí ó dá wọn lóró. Ní Nàìjíríà, títí di òní, kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí bọ́ǹbù inú lẹ́tà tí ó pa Dele Giwa ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1986, ọdún kan ó dín ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ikú Sankara. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Oputa pe Ibrahim Babangida, kò wá. Ouagadougou dárúkọ apànìyàn lójú gbogbo ayé.

Kí wọn tó ka oṣù mẹ́rin lórí ìdájọ́ yìí, Compaoré balẹ̀ sí Ouagadougou. Paul-Henri Damiba, ológun tí ó gba ìjọba ní ọdún 2022 yẹn, ni ó pè é. Kò sí ọlọ́pàá kan tí ó fọwọ́ kàn án.

Ibrahim Traoré lé Damiba lọ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó sì sọ ara rẹ̀ di arólé Sankara. Wàyí o, ẹ wo iṣẹ́ arólé. Daouda Diallo, tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìpànìyàn ní àwọn abúlé, ni wọ́n gbé lójú pópó ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ó tó rí ilé. Guy Hervé Kam, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò tí ó gbẹnu sọ fún àwọn ẹbí òkú nínú ẹjọ́ Sankara, ni wọ́n gbé ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Agbẹjọ́rò àwọn òkú gan-an!

Àwọn agbèjà Traoré, tí wọ́n pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn láàrin àwọn ọ̀dọ́, yóò ní ogun wà nílẹ̀, àti pé ó lé àwọn ọmọ ogun Faransé lọ. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Ouagadougou fúnra rẹ̀ dá a ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé kò bófin mu láti fi òfin ogun kó àwọn alátakò lọ sójú ìjà. Ta ni Faransé nínú àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn? Sankara pàápàá ṣe irú àṣìṣe yìí: ó lé àwọn olùkọ́ tí ó ju 1,000 lọ kúrò níṣẹ́ ní ọdún 1984 nítorí ìyanṣẹ́lódì, wọ́n sì yìnbọn pa ènìyàn méje ní ọdún náà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́ yóò rántí èyí pẹ̀lú. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó, àwọn ọ̀dọ́ tí ń pàtẹ́wọ́ kò sì tíì bojú wo àjà.

Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì bá a lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìjọba kéde pé òun yóò fi ilé ẹjọ́ àgbáyé ìwà ọ̀daràn sílẹ̀. Ọ̀nà Arusha, níbi tí ilé ẹjọ́ Áfíríkà wà, ni ó kù. Ibẹ̀ ni àwọn ẹbí Norbert Zongo, akọ̀ròyìn tí wọ́n jóná mọ́ inú ọkọ̀ ní Sapouy ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1998, gbà lọ. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbọ́ ìdájọ́ tí ó dá ìjọba lẹ́bi.