Kí Ni Ìtumọ̀ "Mo Fẹ́"?

 

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jà Ìtagunmodì, ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀: "fẹ́." Oníbàárà á ní, "Mo fẹ́ gààrí kóńgò méjì." Ọmọkùnrin á dé ìdí àtẹ ọmọ wa, á ní, "Mo fẹ́ ọ." Bí wọ́n bá sì ṣègbéyàwó, a ó ní ó ti fẹ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ara rẹ̀ ni "ìfẹ́" ti jáde. Àfẹ́sọ́nà ni ẹni tí a fẹ́ sí ọ̀nà, tí a kò tíì gbé wọlé. Àyànfẹ́ ni ẹni tí a yàn, tí a sì fẹ́. "Fẹ́ràn" ńkọ́? Àwọn kan ní "fẹ́ ọ̀ràn" ni, pé ẹni tó fẹ́ ọ yóò fẹ́ ọ̀ràn rẹ pẹ̀lú. Àwọn aláwàdà ní "fẹ́ ẹran" ni! Nínú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, "ìfẹ́" ni wọ́n pe bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ràn aráyé, "ìfẹ́" náà ni wọ́n pe ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ kó ṣẹ.

Àwọn baba wa kò ya ohun tí ọkàn ń fẹ́ kúrò lára ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. Ẹni tó fẹ́ ọjà á ná an, á sanwó. Ẹni tó fẹ́ ọmọ á wá alárinà, á mọ ilé, á ṣe ìdána. Àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń pìtàn pé ìyà tí ọkọ kan jẹ ní Ìwó kó tó rí ọmọ gbà ló di "ìyàwó." Bó jẹ́ ìtàn lásán, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ọmọ wa kì í ṣe ọjà, a kì í tà á. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ ata bá ń sanwó, ẹni tó fẹ́ ènìyàn ńkọ́?

Ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù ni tiwa. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde. Ẹni tó bá ní "mo fẹ́ ọ" fún ọmọ wa tó ń kiri oúnjẹ, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú tàbí àlejò, tí kò jẹ́ ká mọ ilé baba rẹ̀, àwìn ló ń rà. Bí oyún bá dé, tó bá sá lọ, ta ni yóò san gbèsè náà? Ìyá ọmọ ni, láti inú igbá ọjà rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sọ ní òṣómàáló: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi." Wọ́n ń ta àwìn, àmọ́ wọ́n mọ ilé onígbèsè. Àwa dà?

Èrò tiwa nìyí. Kí ìyá kọ́ ọmọ rẹ̀ láti bi ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹ pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Ta ni màmá mi ó bá sọ̀rọ̀?" Bí ẹnì kan bá sì fún ọmọ ẹgbẹ́ wa lóyún tó sá, kí á má fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Ká jọ lọ sí ilé ẹbí ọkùnrin náà, ká lóṣòó síbẹ̀ títí wọn ó fi dá wa lóhùn.

Ẹni tó bá fẹ́ wa, kó wá sílé. Ajé á bá gbogbo wa gbé o.